Ẹni Tí Ìlà Ń Dúró Dè

Lọ́jọ́ ìsinmi, ìta la máa ń tò sí kí a tó wọlé lọ sin Ọlọ́run. Ilé ìjọsìn wa kì í ṣe ilé tí wọ́n dìídì kọ́ fún àdúrà. Ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn Ripple Road ní Barking, nílùú òyìnbó níbí. Ọkùnrin kan tó ń ta táyà wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, àwọn tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ òsì. Ibi tí ọkọ̀ ẹrù máa ń fi ẹ̀yìn wọ̀ la máa ń dúró sí nínú sùtánà funfun, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ẹni tó gbé àgbélébùú ló ń ṣíwájú. Àwọn tó gbé àbẹ́là tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ akọrin tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn wọn àwa ìyá, lẹ́yìn wa àwọn àgbà ọkùnrin bí oyè wọn ṣe ga tó, olùṣọ́àgùntàn á wá kẹ́yìn. Àbẹ́là lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ méje. Akọrin lè pọ̀ bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n àgbélébùú kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kò sì gbọdọ̀ má sí.

Ọjọ́ ìsinmi kan wà nígbà òtútù tí ẹni tó ń gbé àgbélébùú wa kò tètè dé. Wọ́n ń tún ojú irin ṣe, bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi rọ́pò ọkọ̀ ojú irin sì gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Gbogbo wa ti tò tán. Ilẹ̀ tútù bí yìnyín. Àgbà ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní kí a bá òun wo ìsàlẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun ṣì wà níbẹ̀, nítorí òun ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti iwájú pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ìrẹsì, ẹsẹ̀ yẹn kì í sọnù. Àwọn kan ní kí á ṣáà wọlé, kí ẹni tó ń bọ̀ wá bá wa nínú ilé. Olùṣọ́àgùntàn ní rárá, bí iwájú ìlà kò bá pé, kò sí ìlà. A dúró.

Ọmọ mi wà nítòsí mi, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín nínú òtútù tó fẹ́ pa ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Màámi, ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Òun lẹ dúró sínú rẹ̀ yìí.”

Pírámárì mẹ́fà ni mo kà nílé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mo fọ ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Dagenham títí orúnkún mi fi ní ó tó. Ohun tí Ọlọ́run fún mi dípò ìwé ni orúkọ. Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn, kì í jáde mọ́. Mo mọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń da omi ọsàn sílẹ̀ tí mo ń nù ún. Mo mọ orúkọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó máa ń dúró dè mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti wọ sùtánà nínú ìjọ wa rí, àti orúkọ àwọn ọmọ wọn, àti ti àwọn òkú wọn. Mi ò ní kọ ìkankan síbí. Ọmọ mi ló kọ́ mi pé orúkọ ènìyàn dà bí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, a kì í gbé e síta láìjẹ́ pé onílé ló ní ká gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń pè wọ́n lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ òtútù yẹn, tí mo ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ dà bí ìta wa kí a tó tò. Ẹnì kan gbé ọmọ dání, ẹnì kan ń kí àna rẹ̀, ẹni méjì ń fa ọ̀rọ̀ àga tí wọn ò tíì dé ìdí rẹ̀. Ohun gbogbo wà láàyè, wọ́n sì mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n kọ̀mpútà kan kò lè gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ fún kọ̀mpútà mìíràn bí ó ṣe wà. Bí ó bá fẹ́ fi wọ́n pamọ́, tàbí bí ó bá fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ tò wọ́n ná, kí ó kọ wọ́n sínú fáìlì lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀rọ tó wà lódì kejì á kà á lẹ́sẹẹsẹ, á sì fi tún èrò kan náà kó jọ, oníkálukú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀. Ohun tó ń sọ ẹni tó máa ṣíwájú, ẹni tó lè pọ̀, ẹni tí kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ má sí, òun ni wọ́n ń pè ní síkímà.

Ó ní èdè kọ̀mpútà kan tí wọ́n ń pè ní XML lòun fi ń kọ ọ́. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá kí n rí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló wà láàárín àmì méjì bí ẹni tó wà nínú yàrá, àmì kan ń ṣílẹ̀kùn, èkejì ń tì í. Mo ní ṣé nǹkan yìí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ní ó dáa, ọ̀gá ìlà ni màá máa pè é. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, màá bi í pé ṣé ọ̀gá ìlà ò jẹ́ kí wọ́n wọlé lónìí ni.

Ìjọ wa ní áàpù kan tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ wá rí ló ṣe é, ó gba ohunkóhun tí ènìyàn bá fún un, bí wọn kò bá sì fún un ní nǹkan kan, ó gba ìyẹn náà. Ọkọ ìyá kan nínú ìjọ lọ sọ́run. Kò tíì pẹ́ tí a sin ín. Áàpù fi ìkíni ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó rẹ̀: Ẹ ó ṣe púpọ̀ láyé, Bàbá. Obìnrin náà mú fóònù náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú bí ẹni tó di ẹyin mú, ó ń fi han ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi rí i. Kò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ fún olùṣọ́àgùntàn pé òun máa ṣe áàpù tuntun fún ìjọ.

Ọ̀gá ìlà tirẹ̀ le. Ó ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì: ó wà láàyè, tàbí ó ti lọ sinmi. Kò gba òfo, kò gba ẹ̀kẹta. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti lọ sinmi, ẹnì kan nínú ìdílé gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Akọ̀wé ìjọ bínú sí èyí. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá ẹlẹ́rìí fún. Ọmọ mi rán an létí àgbà kan tí WhatsApp pa lójijì nígbà tó lọ sílé. A ti gbàdúrà fún ọkàn rẹ̀, a ti sunkún, ẹgbẹ́ akọrin ti yan orin, kí ó tó di pé ó wọlé lọ́jọ́ ìsinmi kan pẹ̀lú àpò èlùbọ́ lábíyá, tó wo ojú wa tó ní ta ló kú.

Òfin tó kù ni mo fẹ́ràn jù. Láàárín wa, a kì í fi orúkọ àbísọ pe abiyamọ. Orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é, Ìyá Lágbájá. Ọmọ mi fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ tí wọ́n ń pe ènìyàn gan-an, nítorí ó ní áàpù tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyá òun kò tíì mọ ìyá òun. Ṣùgbọ́n bí o bá ní o jẹ́ Ìyá Lágbájá, Lágbájá náà gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì kan náà, ì báà wà láàyè, ì báà ti lọ. Bí ọ̀gá ìlà bá wá a títí tí kò rí i, kò ní gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tèmi síbẹ̀, Ìyá, àti orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Màámi, ẹ ti wọlé.”

Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ọmọbìnrin kan wà tó wá kàwé kọ̀mpútà níbí, kò tíì pẹ́ tó dé láti ilé. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó láàárọ̀, ó ń lọ kàwé lọ́sàn-án, ó háyà yàrá kan nínú àwọn fúláàtì tuntun ní Barking Riverside, níbi tó ní òun ń rí odò láti ojú fèrèsé àmọ́ òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń ta ata. Lọ́jọ́ Sátidé, á wá bá ọmọ mi lórí tábìlì mi. Bọ̀dá ló ń pè é. Èmi á máa se ọbẹ̀, màá máa fi ojú ìyá wo àwọn méjèèjì, nítorí ọmọ mi ti lé lógójì kò sì tíì gbéyàwó. Mo bi í lọ́jọ́ kan níwájú ọmọbìnrin náà pé ṣé ọ̀gá ìlà rẹ̀ kò ní àyè fún ìyàwó ni.

Ó ní, “Àyè wà, Màámi. Kò pọn dandan ni.”

Mo ní, “Nínú ilé tèmi, ó pọn dandan.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́kùnrin nílé, mo padà wá mọ̀. Kò dùn mí púpọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mi mu tíì rẹ̀ tán, ó fi kọ́ọ̀pù sínú síǹkì ilé ìdáná bí ó ṣe máa ń ṣe kí n lè bá a wí, ó lọ síbi iṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn àgbà ìjọ ti dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, mo sì ti mọ̀ kí wọ́n tó jókòó, nítorí kò sí èyí tó béèrè omi.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé la ṣe é níbí. Òbí kì í tẹ̀ lé ọmọ dé ibojì, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Ọgbà ibojì Rippleside ni wọ́n sin ín sí. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Èmi wà nílé, àwọn ìyá yí mi ká, ẹnì kan di ọwọ́ mi mú bí ẹni pé mo fẹ́ sáré jáde. Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ibojì náà kọjá. Mo máa ń jókòó sí apá kejì.

Àwọn àgbà wá kí mi, wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo gbọ́ ọ. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo bi wọ́n pé ta ló béèrè.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìjọ ti ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn mi, tí mo fi ọ̀já gbá a mọ́ra. Wọ́n wá gé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí mi á ní “Ìyá”, á dúró bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta, á wá ní, “Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò fẹ́ kí orúkọ náà ta mí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo wá di ẹni tí kò ní orúkọ láàárín wọn.

Èmi náà ò fi ẹnu mi sọ rí pé ó ti kú. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, pé ta lẹ jọ ń gbé, màá ní ọmọ mi ni, kò sí nílé.

Nígbà tí ìkórè ku díẹ̀, ọmọbìnrin náà wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání, ó mú ọsàn wá nínú nàílọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ ìkórè, ìdílé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè síwájú pẹ̀lú ọrẹ wọn. Akéde á máa ka orúkọ wọn lára ògiri tí ẹ̀rọ ń tan ọ̀rọ̀ sí. Àwọn tó ni áàpù àtijọ́ ti sọ pé àwọn fẹ́ pa á tì, ó sì ku kí wọ́n kó gbogbo wa jáde nínú rẹ̀ bọ́ sínú èyí tí ọmọ mi ṣe. Ọmọbìnrin náà ló kù tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rí i pé ó ti rù.

Ó ní, “Mọ́mì, ìlà ti dúró.”

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló fi sọ ọ́. Mo bi í pé ta ni wọ́n ń dúró dè. Ó kó ọsàn jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká nàílọ́ọ̀nù náà, ó ká a títí tó fi kéré bí ìka. Nígbà náà ni mo mọ̀.

Mo ní kó fi hàn mí. Ó fi hàn mí. Gbogbo ìjọ ló ti tò tán, ìdílé kọ̀ọ̀kan ń wọlé, ó dé ilé wa, ó dúró. Kò sì gba àwọn tó ti kọjá kí ó fi àwa sílẹ̀, nítorí ọmọ mi ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé kí gbogbo wọn wọlé tàbí kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ẹni tó kọ ọ́: ṣé ó wà láàyè, tàbí ó ti lọ sinmi? Bí ó bá jẹ́ èkejì, ta ló sọ ọ́ nínú ilé? Akọ̀wé ti ní òun á kọ ara òun síbẹ̀, ọ̀gá ìlà kọ̀ ọ́, kì í ṣe ará ilé wa. Akọ̀wé wá ní kí ó yọ ọmọ mi kúrò pátápátá, ní jẹ́jẹ́, kí Mọ́mì má gbọ́. Ọmọbìnrin náà yọ ọ́. Ìlà náà sún, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó tún dúró. Ó ka ohun tí ẹ̀rọ kọ fún mi, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó ní ẹni yìí ní òun jẹ́ ìyá ẹnì kan. Ẹni náà kò sí níbí.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Ó ní òun lè pa òfin yẹn rẹ́, kò ní pẹ́. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó ní nǹkan kan tún wà, kí n má bínú, òun kò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ibòmíràn lórí ẹ̀rọ náà. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí ọmọ mi kọ, ó ti fi ẹ̀kẹta sí i fúnra rẹ̀: ó wà ní ìrìn àjò.

Ó ní, “Bí mo ṣe máa ń rò ó nìyẹn nígbà míì, Mọ́mì. Pé iṣẹ́ ló gbé Bọ̀dá lọ síbì kan tó jìn.”

Omi ti kún ojú rẹ̀. Mo wo ọ̀rọ̀ náà. Ká má purọ́, ó wù mí. Ó wù mí bí omi ṣe ń wu ẹni tó jí lójú oorun. Gbogbo ìdílé á wọlé, èmi á sì ní orúkọ mi, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé áàpù á máa kí i lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní á máa kí i. Mo ní sórí fóònù ta ni. Ó rò ó, ó ní sórí tèmi, nítorí èmi ni ìdílé rẹ̀.

Mo rántí ọwọ́ ìyá yẹn tó nà jáde bí ẹni tó di ẹyin mú. Síbẹ̀, mi ò sọ pé rárá. Mo ní kó fi í síbẹ̀ ná, kó jẹ́ ká jẹun.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kiri fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń rò ó. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mo ń rò ó. Bí ọ̀rọ̀ kẹta bá wọlé, kì í ṣe èmi nìkan ni á wọlé fún. Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà tí kò pè é mọ́, mo mọ orúkọ ọkọ náà. Bàbá kan wà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé ní Barking níbí gan-an, tí kì í kí i, mo mọ orúkọ ọmọ náà, èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i. Opó tó mú fóònù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì náà á fẹ́ ẹ. Gbogbo wa la máa kó àwọn tiwa dà sínú ìrìn àjò yẹn, a ó sì máa wo ọ̀nà. Ọmọ tó bá sì wà ní ìrìn àjò tí kì í dé, tí kì í kọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka sí ibi tó wà, kí là ń pè é? Ọmọ tó nù là ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó bí mi nínú ti padà wá bá mi. Ọmọ mi kò nù. Mo mọ ibi tó wà. Apá ọ̀tún ni, bí bọ́ọ̀sì bá ń lọ sí Barking.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, àwa ìyá lọ fọ ilé ìjọsìn. Ọmọbìnrin náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ orin, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ jà. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ bá a.

Mo ní, “Yọ ẹ̀kẹta yẹn kúrò.”

“Ṣé ó dá yín lójú, Mọ́mì?”

“Kò dá mi lójú. Yọ ọ́.”

Ó yọ ọ́. Ó dá ọmọ mi padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó kó o sórí itan. Ó ní òun mọ ohun tó yẹ kí òun kọ, ṣùgbọ́n òun ò lè kọ ọ́ títí màá fi sọ ọ́, nítorí bí Bọ̀dá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an.

Mo pe orúkọ ọmọ mi. Mo pe èyí tí bàbá rẹ̀ fún un kó tó lọ, mo pe èyí tí ìyá mi rán wá láti ilé, mo pe oríkì tí mo fi ń jí i láàárọ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ó pẹ́ kí n tó kà wọ́n tán. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ti dá ọwọ́ dúró, mo gbọ́ ọ bí ìgbálẹ̀ ṣe dákẹ́. Mo ní, “Ọmọ mi ni. Ó ti kú. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo sọ ọ́.”

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́. Ó tẹ nǹkan kan, a jọ ń wo ojú ẹ̀rọ. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó dé ilé wa, kò dúró, ó kọjá lọ bá àwọn tó wà lẹ́yìn wa títí tó fi tán. Mo ní kó padà sẹ́yìn kó ka tiwa fún mi bí ó ṣe tò. Ó kà á: orúkọ rẹ̀, ọmọ ta ni, ó ti lọ sinmi, ẹlẹ́rìí, ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, èmi: orúkọ mi, ó wà láàyè, orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ó ka ìyẹn náà, ó kà á parí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá gbé àga wá fún mi. Mi ò jókòó. Mo padà sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, nítorí iwájú pẹpẹ kò tíì mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a tò síta. Ẹni tó ń gbé àgbélébùú ti dé kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ti sùn mọ́jú sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítòsí nítorí ojú irin. A wọlé. Nígbà tó yá, akéde dúró ní iwájú ògiri, ó ń ka ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jó lọ síwájú pẹ̀lú iṣu àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Akéde yìí wà lára àwọn tó máa ń fẹsẹ̀ kọ òkúta bí wọ́n bá fẹ́ pè mí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní “Ìyá”, ó sì dúró bí ìṣe rẹ̀. Ó wo ògiri. Mo rí i tó wo ògiri. Lẹ́yìn náà ó kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, gbogbo rẹ̀, orúkọ ọmọ mi sì jáde láti inú gbohùngbohùn, ó kún ilé ìkẹ́rùsí yẹn láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Mo gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó mi, mo lọ síwájú. Mi ò jó. Ẹnikẹ́ni kò retí pé kí n jó.

Títí di òní, apá kejì ni mo ṣì ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò ní yí i padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń padà sí àyè mi lọ́jọ́ ìkórè náà, opó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ na ọwọ́, ó fà mí lápá sùtánà. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, pẹ̀lú ohùn kékeré, bí ẹni tó fi ìka tọ́ omi wò bóyá ó ṣì gbóná.

Mo dá a lóhùn.